Bí A Ṣe Ń To Ẹ́ńjìnnì Rélùwéè Eléèédú Kékeré Láti Inú Kíìtì Onírin

Kò sí ẹni tó dàgbà sí Ọ̀fà tàbí Ìlọrin tí kò mọ ojú irin. Ọ̀nà irin tó gbéra láti Èkó gba ìlú méjèèjì kọjá kó tó dé Jẹ́bà ní ọdún 1909. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ èédú, tó sì ń tú oru, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún wọ́ ọkọ̀ lórí rẹ̀ kí ti dísẹ́ẹ̀lì tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́ yín láti tò, àmọ́ èyí tó kéré débi tí ẹ lè gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́. Inú kíìtì onírin lẹ ó ti mú ẹ̀yà rẹ̀ jáde, mọ́tò oníná kékeré ni yóò sì máa yí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn: ṣáàsì, ìyẹn férémù ìsàlẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀ dání, ni iṣẹ́. Bọ́ílà, ihò èéfín àti ilé awakọ̀ ni ojú ń rí, àwọn náà sì ni ọkàn máa ń sáré bá. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ ń dán tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yí geere, orí sẹ́ẹ̀fù ni yóò wà títí. Tí ẹ bá ya ọjọ́ mẹ́wàá sọ́tọ̀, ẹ fi mẹ́fà fún ṣáàsì.

Yíyan kíìtì

Oríṣi méjì ni kíìtì onírin. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n yọ́ irin funfun rírọ̀ dà, tó sábà máa ń jẹ́ àdàlù tánganran, òjé àti irin mìíràn. Ẹ̀yà rẹ̀ nípọn, ó wúwo, ó sì rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nítorí pé gúlúù lásán lè mú un pọ̀. Èkejì ni èyí tí wọ́n fi ásíìdì gé lára páànù idẹ tàbí nickel silver. Kò sí fàdákà kankan nínú nickel silver: bàbà, síǹkì àti nickel ni. Pẹlẹbẹ ni èyí máa ń dé, ẹ̀yin lẹ ó ká a, tí ẹ ó fi lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ń yọ́, jó o pọ̀. Lójú tèmi, nickel silver dára ju idẹ lọ fún ṣáàsì, torí kì í tètè gbé ooru sá lọ, lẹ́ẹ̀dì sì máa ń mú un kíákíá. Ọ̀pọ̀ kíìtì ló pa oríṣi méjèèjì pọ̀: páànù fún ara, irin dídà fún ihò èéfín àti àwọn ohun kéékèèké.

Ẹ wo ìdínkù rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó, pàápàá tí ẹ bá fẹ́ ohun tó jọ rélùwéè tiwa. Ìbú ojú irin tó gba Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá jẹ́ 1067 mm. Ti Èkó sí Ìbàdàn tuntun, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, jẹ́ 1435 mm. Kíìtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́pọ̀ jù wà ní ìdínkù 1:76, ìyẹn pé wọ́n pín ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì gidi sí ọ̀nà 76, orí ojú irin 16.5 mm ló sì ń rìn. Tí ẹ bá dín 1067 kù ní 1:76, 14 mm ni yóò kù, kò sì bá ojú irin ọjà mu. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dín in kù ní 1:64, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 16.7 mm. Ojú irin 16.5 mm tó wà lọ́jà káàkiri ayé nìyẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiwa mu rẹ́gí! Àwọn ará New Zealand àti Queensland ní Ọsirélíà, tí ojú irin wọn náà jẹ́ 1067 mm, ti ń lo 1:64 fún ìdí yìí gan-an. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ to ẹ́ńjìnnì tó lè dúró sí ibùdókọ̀ Ọ̀fà kékeré kan, kó wá kíìtì 1:64 ti àwọn ará ibẹ̀ yẹn, kó sì tún díẹ̀ ṣe lára rẹ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lè mú 1:76, torí pé òun ló pọ̀ jù.

Ẹ má fi ẹ́ńjìnnì ńlá bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé River Class ló máa ń wu àwa tí a fẹ́ràn rélùwéè ilẹ̀ yìí, àwọn ẹ́ńjìnnì tí Vulcan Foundry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ fún wa lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n ń sọ lórúkọ odò. 2-8-2 ni wọ́n, ìyẹn ẹsẹ̀ kékeré méjì níwájú, ẹsẹ̀ ńlá mẹ́jọ láàárín, kékeré méjì lẹ́yìn, pẹ̀lú ọ̀pá àti irin wẹ́wẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ níta. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ de kíìtì kẹta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0-6-0 tí sìlíńdà rẹ̀ wà nínú, tó jẹ́ pé ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ pọ̀ nìkan ló wà níta. Ẹsẹ̀ mẹ́fà náà á kọ́ yín ní gbogbo ohun tí mẹ́jọ fẹ́ kọ́ yín.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Nínú ọ̀pọ̀ kíìtì, ẹsẹ̀, áàsìlì, mọ́tò àti gíà kì í sí nínú rẹ̀, ẹ ó rà wọ́n lọ́tọ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ wá nínú ẹrù kan náà, torí owó ìfiránṣẹ́ láti òkè òkun lè ju owó ẹsẹ̀ lọ.

Ohun èlò

Irinṣẹ́ díẹ̀ tó dára ló sàn: fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta (pẹlẹbẹ, roboto àti onígun mẹ́ta), ọ̀bẹ mímú, páláyà kékeré tí ẹnu rẹ̀ dán, ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́, fáìsì kékeré, irin onígun tí wọ́n fi ń yẹ igun wò, dírìlì ọwọ́, irin ṣóńṣó tí wọ́n fi ń fẹ ihò, sáńpépà, àti dígí kan tó nípọn. Ẹ má fojú kéré dígí náà. Nínú ilé, òun nìkan ni ojú pẹlẹbẹ tí ẹ lè fọkàn tán, torí igi tábìlì máa ń tẹ̀. Àwọn tó ń gé dígí fèrèsé á fún yín ní èyí tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ wọn lówó pọ́ọ́kú.

Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ lágbára tó. Èyí tí wọ́n fi ń tún fóònù ṣe kéré jù fún páànù. 50 watt ni kí ẹ wá, kí ẹ fi 25 watt tì í fún ohun kéékèèké. Tí iná bá jẹ́ iná tó lè lọ nígbàkigbà, orí ínfátà ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́: áyọ́ọ̀nù tó tutù láàárín ìjó gígùn máa ń fi ojú lẹ́ẹ̀dì tí kò dì mọ́ irin sílẹ̀, ẹ kò sì ní mọ̀ àfi ìgbà tó bá já.

Lẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí fẹ́. 60/40 (tánganran 60, òjé 40) tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń lò máa ń yọ́ kí ooru tó pé 190°C. Òmíràn wà tó ń yọ́ ní 145°C, òmíràn sì wà tó ń yọ́ ní 70°C péré. Páàsìtì oníṣẹ́ rédíò dára fún wáyà, ṣùgbọ́n omi ásíìdì fọ́sfọ́ríìkì tí wọ́n ti fi omi là ló ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì sáré lára páànù. Omi yìí kò gbọ́dọ̀ kan mọ́tò láé. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wọ awò, ẹ má jẹun nídìí iṣẹ́, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́ tí ẹ bá parí, torí òjé wà nínú ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀dì.

Jíjó lẹ́ẹ̀dì

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ṣáàsì, ẹ gé etí páànù tí kíìtì kò lò, kí ẹ fi kọ́ ọwọ́. Irin lẹ ń mú gbóná, lẹ́ẹ̀dì á tẹ̀ lé e. Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìlọrin, tó jẹ́ kí n dúró ti òun nídìí iṣẹ́, sọ ọ́ fún mi báyìí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó gbóná ná. Tó bá ti gbóná, á mu ún fúnra ẹ̀.”

Ẹ fi sáńpépà ha ojú méjèèjì títí wọn yóò fi dán. Ẹ so wọ́n pọ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan omi ásíìdì sí ìpàdé wọn. Ẹ fi ẹnu áyọ́ọ̀nù mú lẹ́ẹ̀dì bíńtín, kí ẹ gbé e lé ìpàdé náà láti inú, níbi tí ojú kò ní rí. Omi á hó, lẹ́ẹ̀dì á dúró díẹ̀ bíi pé kò fẹ́, lẹ́yìn náà á sáré wọ àárín irin méjèèjì lójijì, ojú rẹ̀ á sì máa dán. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, kí ẹ má sì mi ọwọ́ títí yóò fi dì. Tí ojú rẹ̀ bá ṣú, tó rí wóṣowòṣo, irin kò gbóná tó tàbí pé nǹkan mì. Ẹ tún un jó.

Ẹ má jó ìlà gígùn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi kan orí kan, ẹ fi kan orí kejì, ẹ yẹ igun wò, kí ẹ tó jó àárín. Ìpàdé tí ẹ fi kan lójú méjì péré ṣì rọrùn láti tú. Ẹ̀yà ńlá ni kí ẹ fi 60/40 jó lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ wá fi èyí tó ń yọ́ ní 145°C jó àwọn ohun kéékèèké lé e lórí, kí ti ìṣáájú má baà tú.

Ṣáàsì

Pátákó irin méjì gígùn, ti ọ̀tún àti ti òsì, tí irin ìdábùú kéékèèké mú jìnnà síra, tí áàsìlì gba inú ihò wọn: ṣáàsì ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ náà ni gbogbo ìjọ̀ngbọ̀n máa ń ti wá.

Ẹ gé àwọn ẹ̀yà kúrò lára páànù, ẹ fi fáìlì yọ ìyókù irin tó mú wọn dání. Tí ihò ìṣó bá wà lẹ́yìn páànù tó yẹ kí ẹ fi irin ṣóńṣó tẹ̀ kó yọ níwájú, ìsinsìnyí ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, torí tí ẹ bá ti ká páànù, kò ṣeé ṣe mọ́. Ní ti kíká, ìlà tí ásíìdì jẹ dé àárín ni wọ́n fi sàmì ibi tí ẹ ó ká, inú igun sì ni ìlà náà máa ń wà.

Kí ẹ tó jó ohunkóhun, ẹ mú ọ̀pá ìsopọ̀, ìyẹn ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ kan mọ́ èkejì, kí ẹ gbé e lé ihò áàsìlì lára pátákó irin. Ihò ọ̀pá àti ihò áàsìlì gbọ́dọ̀ wà lórí ara wọn, láti ìkíní dé ìkẹta. Tí ọ̀kan bá fi ìwọ̀n irun orí yẹ̀, ihò áàsìlì ni kí ẹ fi fáìlì roboto sún, kí ẹ sì jó béárìn rẹ̀ síbi tí ọ̀pá bá wí. Ọ̀pá ni ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí òun ni yóò máa lọ káàkiri pẹ̀lú ẹsẹ̀.

Ẹ wá jó irin ìdábùú sí pátákó kan, kí ẹ gbé èkejì lé e. Ẹ ti irin gígùn tààrà bọ inú béárìn méjì, kí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lé orí dígí, kí ẹ fi irin onígun yẹ̀ ẹ́ wò láti iwájú àti láti òkè. Ẹ fi ìka tẹ igun kọ̀ọ̀kan. Tó bá ń mì lórí dígí, ó ti lọ́ nìyẹn. Ẹ mú ìpàdé kan gbóná, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí títí yóò fi tutù, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá gbójú fo ìlọ́lọ́ọ́ níbí, ẹsẹ̀ kan lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní fara kan ojú irin rárá, kò sì ní gba iná.

Ẹsẹ̀ ló kàn. Ẹ́ńjìnnì gidi tó ní sìlíńdà méjì, tí pístọ́ọ̀nù kan bá dé òpin ìrìn rẹ̀, kò lè ti ẹsẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé píìnì (irin kékeré lára ẹsẹ̀ tí ọ̀pá ń wọ̀) ti ẹ̀gbẹ́ kejì kúrò lójú kan náà ní ìdámẹ́rin òbíríkítí, 90°, kí ọ̀kan lè máa ṣiṣẹ́ nígbà tí èkejì bá wà ní òpin. Nínú tiwa, áàsìlì kan ṣoṣo ni mọ́tò mú, ọ̀pá ìsopọ̀ ló ń fa àwọn yòókù. Tí píìnì ọ̀tún àti tòsì bá wà lójú kan náà, wọ́n á jọ dé ibi tí ọ̀pá kò ti lè fa nǹkan kan. Kò pọn dandan kó jẹ́ 90° gééré. Ohun tó pọn dandan ni pé kí áàsìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bákan náà. Fún kíìtì àkọ́kọ́, ẹ ra ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe orí áàsìlì rẹ̀ ní onígun mẹ́rin: á bọ́ sí ipò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Owó rẹ̀ ga díẹ̀, àmọ́ ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi irin ṣóńṣó fẹ ihò ọ̀pá díẹ̀díẹ̀ títí píìnì á fi wọ inú rẹ̀ láìhá. Láti de ọ̀pá mọ́lẹ̀, ẹ gé pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ẹ rẹ ẹ́ sínú òróró, ẹ fi í sáàárín ọ̀pá àti wọ́sà, kí ẹ wá jó wọ́sà mọ́ orí píìnì pẹ̀lú ìwọ̀nba lẹ́ẹ̀dì. Òróró náà kò ní jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì sá dé ara ọ̀pá. Tí ẹ bá fa pépà yọ, àyè tó kù á tó fún ọ̀pá láti máa yí.

Kò tíì sí mọ́tò o. Ẹ gbé ṣáàsì lé orí dígí, kí ẹ gbé etí dígí kan sókè díẹ̀díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yí lọ fúnra rẹ̀, lọ́nà tó lọ geere. Tó bá ń há ní ibì kan náà ní gbogbo ìyípo, píìnì kan ni kò bá àwọn tó kù mu tàbí ihò ọ̀pá kan tó há. Ẹ tú ọ̀pá kan kúrò nígbà kan, ẹ ó rí ẹni tó jẹ̀bi. Tó bá jẹ́ pé ó wúwo jákèjádò ìyípo, béárìn kò wà ní ìlà kan. Ẹ má retí pé mọ́tò á borí rẹ̀, ẹ má sì tìtorí ìkánjú fẹ ihò gbogbo títí tí ọ̀pá yóò fi máa jó lára píìnì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Níbí ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kó dúró, kódà tó bá gba ọ̀sẹ̀ kan.

Tó bá ti ń yí geere, ẹ gbé mọ́tò àti gíà wọ inú rẹ̀. Mọ́tò 12 volt ni wọ́n sábà máa ń lò, gíà rẹ̀ sì máa ń jẹ́ 40:1 tàbí 50:1, kí ẹ́ńjìnnì lè rìn pẹ̀lẹ́. Eyín gíà méjèèjì kò gbọ́dọ̀ fún mọ́ra: ẹ fi àyè tó tó nínípọn pépà kan sílẹ̀. Bátìrì 9 volt tó wà fún rédíò ti tó láti dán an wò. Ẹ jẹ́ kó sáré fún ìdajì wákàtí síwájú àti ìdajì wákàtí sẹ́yìn, pẹ̀lú òróró máṣíìnì ìránṣọ ní ẹ̀kán kan ṣoṣo lójú béárìn kọ̀ọ̀kan.

Iná ń gba inú ojú irin wá. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ní pílásítíkì láàárín rẹ̀ kí iná má baà gba áàsìlì kọjá sí èkejì. Ẹ jó wáyà pẹlẹbẹ phosphor bronze (àdàlù bàbà tó máa ń ta padà bíi sípírínǹgì) sára pátákó kékeré tí wọ́n fi bàbà bò lójú lábẹ́ ṣáàsì, kí orí rẹ̀ fara kan etí ẹsẹ̀ náà fẹ́rẹ́. Tó bá tẹ̀ ẹ́ le jù, á di bíréèkì.

Ara ẹ́ńjìnnì

Ìyókù rọrùn. Tí bọ́ílà kò bá tíì ká, ẹ gbé páànù rẹ̀ lé orí fóòmù tó le díẹ̀, ẹ fi páìpù tí ìbú rẹ̀ kéré ju ti bọ́ílà lọ tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ó gbọ́dọ̀ kéré, torí páànù máa ń fà sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá fi í sílẹ̀. Ilé awakọ̀ àti pẹpẹ ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ jó, kí bọ́ílà tẹ̀ lé wọn. Ní gbogbo ìgbà, ẹ máa gbé ara lé ṣáàsì láti rí i pé kò kan ẹsẹ̀ níbi kankan.

Irin funfun dídà kò gbọ́dọ̀ fojú kan áyọ́ọ̀nù tó gbóná débi tí 60/40 ń yọ́, torí á yọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ kí ẹ tó sẹ́jú. Gúlúù alápá méjì bí Araldite máa ń mú un dáadáa. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá fẹ́ jó o mọ́ idẹ, ẹ kọ́kọ́ fi 60/40 kun ojú idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ wá fi lẹ́ẹ̀dì 70°C so méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù tí ẹ ti dín ooru rẹ̀ kù.

Ìwúwo ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ di ojú irin mú. Òjé tí àwọn oníṣẹ́ táyà fi ń báláǹsì ẹsẹ̀ mọ́tò dára láti fi kún inú bọ́ílà. Ẹ fi gúlúù mú un, kí àárín ìwúwo náà sì bọ́ sórí ẹsẹ̀ àárín.

Ọ̀dà

Ní òpin iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ohun tí ẹ jó. Ásíìdì tó bá kù lára idẹ á yọ àwọ̀ ewé láàárín ọjọ́ díẹ̀, á sì ti ọ̀dà sókè. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn ìyá wa fi ń fọ ohun èlò idẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ níbí: ẹ fi oje rẹ̀ pa á, ẹ ṣan án dáadáa.

Irin lásán fẹ́ ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń jẹ irin díẹ̀ kó lè di mú. Àwọn tó ń ta ọ̀dà mọ́tò ní Ìlọrin mọ̀ ọ́n, òun ni wọ́n ń fún àwọn pánẹ́ẹ̀lì bítà. Ẹ fọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má fọ́n ọn nípọn lẹ́ẹ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ìṣó tí ẹ tẹ̀ yọ á rì. Àsìkò ṣe pàtàkì gan-an fún wa. Tí òjò bá ṣú, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń sọ ọ̀dà di funfun hẹ́hẹ́. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn kó tó gbẹ. Ọ̀sán gbígbóná lẹ́yìn tí òjò bá ti dáwọ́, kí ọyẹ́ tó le, ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ fi páálí bò ó bí ẹ bá ti fọ́n ọn tán.

Lórí ojú irin

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó rìn lóun nìkan lórí ojú irin tààrà, kí ẹ tó gbé e wọ kọ́nà, kí ẹ tó so wágọ́ọ̀nù kan mọ́ ọn, kí ẹ tó so èkejì. Tó bá ń já kúrò lójú irin ní kọ́nà, ẹ wo bóyá ara tàbí wáyà gbà-iná ló kan ẹsẹ̀. Tó bá ń ta gbìrì, ìdọ̀tí ló wà lára ẹsẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà: aṣọ mímọ́ tí ẹ kan sípírítì sí, tí ẹ tẹ́ sórí ojú irin, tí ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yí lórí rẹ̀, á kó o kúrò. Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣe èyí kí ẹ tó gbé e jáde ní gbogbo ìgbà, kí ẹ sì dín òróró kù, torí eruku àti òróró máa ń di ohun tó ń jẹ béárìn.